Iye Tó Wà Lórí Ìwé Àyẹ̀wò: Ẹ̀jẹ̀ Dídì àti Bí Àìsàn Fáírọ́ọ̀sì Ṣe Ń Le Sí I



Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn àmì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí àìsàn fáírọ́ọ̀sì ṣe le tó. Mo mọ ohun tó fà á. Láti ìgbà tí Kòrónà ti jà, ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé àárín dókítà nìkan ló ń gbé tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ìyá aláṣọ ń pè lẹ́nu: D-dimer. Ẹni tó bá lọ gba èsì á ya á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, láti Ìbàdàn dé London, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè pé, "Wọ́n ní tèmi jẹ́ 1,200. Ṣé mo ti lọ nìyẹn?"

Kì í ṣe gbogbo àmì tó ń dẹ́rù bani ló ń pàṣẹ. Àmì kan lè sọ pé àìsàn yìí le, kó má sì sọ ohun kan pàtó tó yẹ ká ṣe sí i. Òmíràn wà tó jẹ́ pé tí iye rẹ̀ bá ti kọjá ibì kan, oògùn kan wà tó yẹ kó ti wọ ara aláìsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni mo wá sọ. Owó ń bá àìmọ̀ ọ́n lọ, ẹ̀mí náà sì ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀bẹ ti gé ẹni tó ń rẹ́ ilá lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ á dà, nígbà tó bá yá á dá. Ohun méjì ló dá a dúró. Èkíní ni àwọn ègé tíntìntín tí à ń pè ní platelet. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí píìnì lọ, 150,000 sí 400,000 wọn ló máa ń wà níbẹ̀ bí ara bá le. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré lọ lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́. Èkejì ni okùn. Èròjà kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ fibrinogen, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ya, àwọn èròjà mìíràn á máa jí ara wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kan èyí tó ń jẹ́ thrombin, tó máa sọ fibrinogen di okùn fibrin. Àwọn okùn yìí á so kọ́ra, wọ́n á há platelet àti ẹ̀jẹ̀ pupa sáàárín, ẹ̀jẹ̀ á sì dì.

Ara kì í fi ẹ̀jẹ̀ tó dì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọgbẹ́ ti ń jinná, èròjà tó ń jẹ́ plasmin á máa gé okùn náà wẹ́wẹ́. Ègé kan wà tí plasmin kì í lè gé kọjá bẹ́ẹ̀, torí ibi tí okùn ti so mọ́ okùn ni. Ègé yẹn ni D-dimer. Ó ń bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn kiri, a sì lè wọn iye rẹ̀. Bí ẹ bá dé ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan tí ẹ bá ìyẹ́ adìẹ rẹpẹtẹ nílẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti pa adìẹ níbẹ̀. Ìyẹ́ kò ní sọ fún yín bóyá ìgbéyàwó ni wọ́n ṣe tàbí òkú. D-dimer tó ga sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ti dì níbì kan, pé ara sì ti ń tú u. Kò sọ ibi tó ti dì, kò sọ ohun tó fà á, kò sì sọ bóyá ó ti tán.

Kí ló wá dé tí orúkọ rẹ̀ fi kan gbogbo ayé?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ní ìlú Wuhan ní Ṣáínà, àwọn dókítà tó ń tọ́jú àrùn tí gbogbo ènìyàn rò pé ti ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Tongji, Tang Ning àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì aláìsàn 183 jọ. Mọ́kànlélógún nínú wọn kú. Nínú àwọn tó kú, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti bọ́ sí ipò tí ẹ̀jẹ̀ ń dì káàkiri ara lẹ́ẹ̀kan náà, tí èròjà tó ń mú un dì sì ń tán lọ, débi pé ẹni kan náà lè ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà lẹ́nu rẹ̀. Nínú àwọn tó yè, àwọn tó bọ́ sí irú ipò bẹ́ẹ̀ kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé iṣẹ́ mìíràn jáde láti ilé ìwòsàn méjì ní Wuhan. Aláìsàn 191 ni, 54 kú. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí a bá fi iye àwọn tó kú wé iye àwọn tó yè, ti àwọn tí D-dimer wọn ti ju 1 µg/mL lọ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ ilé ìwòsàn fi nǹkan bí ìlọ́po 18 ju ti àwọn tí tiwọn wà nísàlẹ̀. Méjìdínlógún yìí ló gba ìlú kan. Ohun tí wọn kì í sábà kà mọ́ ọn ni ìlà tó tẹ̀ lé e nínú ìwé náà: pé iye gan-an lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bí 2.6 sí 128. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀ tó láti sọ ọ́ ṣàkó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewu náà dájú, bó ṣe tóbi tó ni kò dájú. Mo fẹ́ràn kí oníròyìn máa ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí wa létí, àmọ́ kì í ta ìwé ìròyìn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá láti ibòmíràn. Ní Netherlands, nínú àwọn 184 tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ dí iṣan wọn, púpọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn kan tún gé ẹ̀dọ̀fóró òkú wò: méje tí Kòrónà pa, méje tí àrùn influenza pa. Nínú àwọn iṣan tó tín jù lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì tó wà nínú ti Kòrónà fi ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ti influenza lọ. Ẹnu iṣẹ́ gan-an ni ọ̀nà ti dí.

Bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń fa èyí kò ṣòro láti yé wa. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìtẹ́ kan tó ń dán, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ́ kọjá láìdì. Ìgbà tí ara bá ń bá fáírọ́ọ̀sì jà, tí ìjà náà sì kọjá ààlà, ìtẹ́ yìí á wú, á fara pa, á sì tú èròjà tó ń lẹ platelet mọ́ra sílẹ̀. Àwọn jagunjagun ara náà, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun, á máa gbé èròjà tó ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì kiri. Gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láìsí ọgbẹ́ kankan.

Ẹ wá tẹ̀ lé mi wọ ilé àyẹ̀wò, torí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wáyé, àwọn tó ń ṣàròyé sì kì í débẹ̀.

Ìgò tí a ń gba ẹ̀jẹ̀ D-dimer sí ní ìdérí búlúù. Omi díẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, sodium citrate ni, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ìgò. Ìlà kan wà lára ìgò náà. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ìlà yẹn, kí ó lè jẹ́ ìdá mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀ sí ìdá kan omi. Bí iṣan aláìsàn bá farapamọ́, tí nọ́ọ̀sì wá rí ìdajì ìgò fà, tó ní "èyí náà á ṣe é", omi ti pọ̀ jù fún ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn èsì ẹ̀jẹ̀ dídì tó máa jáde nínú ìgò yẹn kò ṣeé gbọ́kàn lé. A ó yí ìgò náà lójú dé ní pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. A kì í mì í jìgìjìgì, torí pé mímì náà lè mú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì. A ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí bírí títí ẹ̀jẹ̀ pupa á fi sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, tí omi ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ á kù lókè. Omi òkè yìí la máa wọ̀n.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n dé. Ilé àyẹ̀wò kan lè kọ 0.9 mg/L, èkejì kọ 900 ng/mL. Ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá gba àkọ́kọ́ á sùn dáadáa, ẹni tó gba èkejì á pe pásítọ̀. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń ṣe èròjà àyẹ̀wò ń gbà ka D-dimer, wọ́n ń pe ọ̀kan ní FEU, èkejì ní DDU. Iye FEU fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì DDU nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà. Níbi tí ààlà ti jẹ́ 500 ní FEU, nǹkan bí 250 ni ní DDU. Ní ọdún Kòrónà, àwọn ìwé ìwádìí gidi jáde tí wọn kò sọ èyí tí wọ́n lò. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi èsì lánàá wé ti òní, ilé àyẹ̀wò kan náà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wo ààlà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí tiwọn ń ga láìsí fáírọ́ọ̀sì ń kọ́? Aláboyún, ó ń ga bí oyún ti ń dàgbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ. Ẹni tí ibà ẹ̀fọn mú gan-an. Àwọn ọmọ wa tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, D-dimer wọn máa ń ga kódà lọ́jọ́ tí ara ò ro wọ́n rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ orí: fún ẹni tó ti ju 50 lọ, nígbà tí a bá ń wá bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì wà ní ẹ̀dọ̀fóró, a máa ń fi mẹ́wàá sọ ọjọ́ orí rẹ̀ di púpọ̀, èyí á sì di ààlà tirẹ̀. Bàbá ẹni ọdún 70, 700 ni ààlà rẹ̀ ní FEU. Gbàrà tí ẹ bá ti mọ èyí, 1,200 ọ̀hún kò ní máa dún bí ààrá mọ́.

Mo ní àmì kan lè dẹ́rù bani kó má sì pàṣẹ. Ibi tí mo ti rí ẹ̀rí rẹ̀ nìyí.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì jù, ẹ jẹ́ ká fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kó dì. Ní Brazil, wọ́n dán an wò nínú ìwádìí tó ń jẹ́ ACTION. Aláìsàn 615 ni, gbogbo wọn ni D-dimer wọn ga. Òun gan-an ni ìwé ìwọlé sínú ìwádìí náà. Wọ́n fún apá kan ní rivaroxaban tó pọ̀ tó láti fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ dídì, ọ̀pọ̀ wọn sì lò ó fún ọgbọ̀n ọjọ́. Apá kejì gba heparin, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ní ìwọ̀n kékeré tí à máa ń fún àwọn tó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Èrè kankan kò yàtọ̀ láàárín wọn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ dà lára nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìwọ̀n ńlá, nígbà tó jẹ́ ìdá 2 lára àwọn yòókù.

Ìwádìí ńlá kan lórí heparin tún fún ọ̀rọ̀ náà ní kókó. Nínú àwọn aláìsàn 2,219 tí ara wọn kò tíì bàjẹ́ débi ẹ̀rọ, ìwọ̀n ńlá heparin ṣe wọ́n láǹfààní díẹ̀: ìdá 80 ló jáde láàyè láìlo ẹ̀rọ kankan, àwọn tó gba ìwọ̀n kékeré jẹ́ ìdá 76. Yálà D-dimer wọn ga tàbí kò ga, ìyàtọ̀ tó mú wá kò tó nǹkan. Nínú àwọn 1,098 tí àìsàn wọn ti le koko, àwọn tí D-dimer tiwọn sábà ga jù, heparin kan náà kò wúlò, wọ́n sì dá ìwádìí náà dúró. Ẹ gbọ́ o: àwọn tí àmì ń pariwo jù lára wọn ni oògùn kò ràn lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó ti pẹ́ jù, kí ẹ̀jẹ̀ ti dì tán kí oògùn tó dé. Ní òdodo, ìwádìí mìíràn wáyé ní Amẹ́ríkà, HEP-COVID, tó yan àwọn tí D-dimer wọn ju ìlọ́po mẹ́rin ààlà lọ, ó sì rí èrè lára àwọn tí kò tíì dé wọ́ọ̀dù ìtọ́jú líle. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí láàárín àwa oníṣẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Àmọ́ ohun tó parí ni ti ẹni tó ka D-dimer rẹ̀ nílé, tó lọ ra aspirin tàbí rivaroxaban ní kẹ́míìsì. Ìwádìí RECOVERY ní Britain dán aspirin wò lára ènìyàn tó tó 15,000. Kò dín ikú kù. RECOVERY yìí kan náà ló fi hàn ní oṣù kẹfà ọdún 2020 pé dexamethasone, oògùn pọ́ọ́kú, ń dín ikú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ mímí, àti ìdá kan nínú márùn-ún láàárín àwọn tó ń gba ọ́síjìn. Àwọn tí kò nílò ọ́síjìn, kò ṣe wọ́n láǹfààní. Ohun tó pàṣẹ níbẹ̀ kì í ṣe D-dimer. Ẹ̀rọ kékeré tí à ń há mọ́ ìka ló pàṣẹ.

Àmì inú ẹ̀jẹ̀ kan wà tó bá a pàṣẹ: CRP. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é nígbà tí ara bá ń gbóná fún ìjà. Wọ́n mú aláìsàn 4,116 tí ọ́síjìn wọn ti ń lọ sílẹ̀ tí CRP wọn sì ti pé 75 mg/L tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n fi oògùn tó ń jẹ́ tocilizumab kún ìtọ́jú apá kan. Ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á ló kú, ìdá 35 nínú àwọn tí kò gbà á. Ìyàtọ̀ mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lè dà bí ohun kékeré létí. Kì í ṣe kékeré fún àwọn mẹ́rin náà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Kí Kòrónà tó dé ni wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa dá ẹ̀jẹ̀ dídì dúró nínú Ẹ̀bólà. Ní 2003, àwọn kan mú èròjà tí aràn mùjẹ̀mùjẹ̀ fi ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tó bá ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, wọ́n fún ọ̀bọ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fi Ẹ̀bólà kó bá. Mẹ́ta yè, nínú àrùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń pa gbogbo wọn. Kò di oògùn ènìyàn títí dòní. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, pé aràn tó ń jẹ wá wulẹ̀ lè ní ẹ̀kọ́ kan fún wa.

Ibà dengue náà wà, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí wọ́n sì ń tọ́jú bí ibà lásán ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa. Àmì méjì ni à ń wò pọ̀ níbẹ̀: platelet àti PCV, ìyẹn ìdá tí ẹ̀jẹ̀ pupa kó nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí, bí PCV ènìyàn bá ga, inú ẹbí á dùn, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Nínú dengue, PCV tó ń gòkè nígbà tí platelet ń já wálẹ̀ kíákíá túmọ̀ sí pé omi ẹ̀jẹ̀ ń jò jáde nínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan ló ń ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, nígbà tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù, tí gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́ pé ibà ti lọ. Omi ni aláìsàn yẹn nílò, kí dókítà máa wọ̀n ọ́n fún un. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen. Paracetamol nìkan ni.

Ibi tí mo ń lọ látàárọ̀ ni ibà Lassa, torí pé ti ilé wa ni.

Lassa jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno. Ní 1969 ni àrùn náà mú nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Laura Wine níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ kó o, òun náà kú. Ẹni kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ sí New York, ó sì yè. Láti ìgbà náà, eku tó ń wọ inú ilé, tó ń tọ̀ sí gààrí tí a sá sí ẹ̀bá títì, ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó àti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ jù.

Wọ́n ń pè é ní ibà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dà, ọ̀pọ̀ sì ń dúró de ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fura. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn kò pọ̀. Platelet gan-an lè má já púpọ̀ lórí ìwé, nígbà tí iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n máa ṣe ti bàjẹ́. Kíka iye wọn nìkan kò tó. Ìwádìí láti Irrua lórí aláìsàn 284 tí wọ́n tọ́jú láti 2011 sí 2015 fi hàn pé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kú, kíndìnrín sì dáṣẹ́ sílẹ̀ lára nǹkan bí ìdá 28. Creatinine, tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe sí, jẹ́ àmì tí ẹni tó bá ń tọ́jú Lassa kò gbọ́dọ̀ fojú fò.

Àmọ́ èyí tó pàṣẹ jù ni AST. Inú ẹ̀dọ̀ ló pọ̀ sí, tí ẹ̀dọ̀ bá ń bàjẹ́ á máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le kì í sábà ju 40 lọ. Ní Sierra Leone, McCormick àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi AST 150 ṣe ààlà, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 1986. Nínú àwọn tí tiwọn pé 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn kò sì gba oògùn tó ń jẹ́ ribavirin, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún kú. Àwọn tó gbà á lábẹ́rẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀, ìdá 5 ló kú. Àwọn tó di ọjọ́ keje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbà á, ìdá 26.

Àwọn mìíràn padà lọ tú ìwé ìwádìí yẹn wò ní àìpẹ́ yìí, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn tí AST wọn kò tó 150, ó dà bíi pé ribavirin ń pa wọ́n lára ni. Ìjiyàn ṣì wà lórí oògùn náà, wọ́n sì ti fi oògùn mìíràn, favipiravir, wé e nínú ìwádìí kékeré kan ní Irrua àti Ọ̀wọ̀. Bó ti wù kó rí, àmì tó lè sọ ẹni tí oògùn máa gbà là àti ẹni tí oògùn kan náà lè ṣe léṣe, òun ni mò ń pè ní àmì tó ń pàṣẹ.

Ọjọ́ mẹ́fà ọ̀hún ló ń dùn mí. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ méjì á lọ sórí àgbo, ọjọ́ mẹ́ta á lọ sórí oògùn ibà ẹ̀fọn, abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù á tún gba ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìgbà tí aláìsàn bá fi máa dé Ọ̀wọ̀, ó ti bọ́ sínú ìdá 26. Bí ibà kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ lo oògùn ibà ẹ̀fọn tán, tí ọ̀nà ọ̀fun ń dunni, tí eku sì wà nílé, ẹ sọ fún dókítà pé Lassa ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín, kí ó ṣàyẹ̀wò rẹ̀, kí ó sì béèrè AST àti creatinine lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀rọ tó ń wọn méjèèjì ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò káàkiri Oǹdó àti Èkìtì ṣáájú kí ẹnikẹ́ni níbí tó gbọ́ orúkọ D-dimer.